Púùlù Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Wọ̀

Bí ẹ bá yà sílé Gàfárù ní Bramalea, lẹ́bàá Toronto, kí wọ́n tó fún yín lómi mu, ẹ ó ti kọ́kọ́ rí omi mìíràn. Baálé ilé yóò di ọwọ́ yín mú, yóò mú yín gba pálọ̀ kọjá, yóò mú yín gba kíṣìnì kọjá, yóò ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, yóò wá dúró, yóò máa wo ojú yín. Ohun tó ń retí ni kí ẹ lanu kí ẹ ní "Háà!" Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa padà sínú ilé. Púùlù ló wà níbẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tó búlúù kedere, tí oòrùn ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ilé náà, ewé ti já sínú púùlù yìí, ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí i, ọ̀kẹ́rẹ́ kan tilẹ̀ ṣèèṣì yọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ tó sì fi ìtìjú jáde, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kankan kò tíì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi ìran wíwò ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Gàfárù máa ń dúró sí bó bá ń fi fídíò pe àwọn ará ilé ní Ẹ̀pẹ́, yóò sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé omi wà lẹ́yìn òun.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà jìyà kó tó débẹ̀. Ìgbà ìjọba ológun ló kúrò nílé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo àti ẹ̀wù tí kò lè ko òtútù Toronto lójú. Ó ru ẹrù ní wiáháòsì, ó wa tòrélà lọ sí àwọn ìlú tí kò lè pe orúkọ wọn, kó tó wá di pé àwọn mìíràn ń bá a wa ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá jìyà bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́nnu díẹ̀. Ohun tí kò yé Shukurat, ìyàwó rẹ̀, ni pé kí ènìyàn ní omi tó tó báyìí, kó wá máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Shukurat ní ìdí tó fi ń wo omi náà tìfẹ́tìfẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló sì wá ń jẹ ìyà iṣẹ́ náà. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, ńṣe ló máa ń di irin ibẹ̀ mú, yóò sì pa ẹnu mọ́ kó má baà ké. Dókítà ní kó máa lúwẹ̀ẹ́. Òun tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí omi tó jìn jù tó mọ̀ kò ju ti garawa lọ, lọ forúkọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdárayá ìjọba, ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Ó mu omi yó níbẹ̀. Ó ké pe Ọlọ́run níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó léfòó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ láti ògiri kan dé èkejì, ẹkún ayọ̀ ló sun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí omi ti wà lójú gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Nínú omi, orúnkún náà kì í dùn ún rárá.

Ìgbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tún púùlù gbọ̀ngàn náà ṣe, ó di lẹ́yìn Kérésìmesì kí wọ́n tó ṣí i. Shukurat padà sílé, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn gíláàsì, ó wo omi tirẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí òun ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wá ohun tó wà lẹ́yìn kíṣìnì òun?

"Bàbá Faridah," ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nídìí tíì àárọ̀, "mo fẹ́ wọ inú pool yẹn lọ́la."

Tíì gba ọ̀nà òdì lọ lọ́fun Gàfárù. Ó wúkọ́ títí, ó nu ẹnu.

"Pool wo?"

"Pool mélòó la ní?"

"Omi yẹn ò tíì yẹ o," ó ní. "A ò tíì test ẹ̀ dáadáa. You can't just enter water like that. Àwọn kòkòrò tó wà nínú omi, ojú ò lè rí wọn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí àyẹ̀wò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ta ilé fún wọn ti fi ike kékeré kan sílẹ̀. Àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rì bọ omi kí àwọ̀ wọn lè yí padà. Bí bébà bá yí padà, ó túmọ̀ sí pé kilorín tó ń pa kòkòrò wà nínú omi. Bí kò bá yí padà, omi náà kò ní nǹkan kan tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Ọdún tó yẹ kí wọ́n ti da àwọn bébà náà nù wà lára ike gedegbe, ó sì ti kọjá tipẹ́. Gàfárù kò kọbi ara sí ìyẹn. Ó rì ọ̀kan bọ omi, ó gbé e sókè síhà oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún aláìsàn.

"Zero," ó ní. "Ṣé o rí i? Ẹni tó bá wọ omi yìí, hospital ló ń lọ."

Shukurat kò bá a jiyàn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan púùlù, ó ra oríṣi àyẹ̀wò mìíràn, èyí tí wọ́n ń bu omi sínú ìgò kékeré fún, tí wọ́n á wá kán oògùn sí i. Omi tó bá dára á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bíi sóbò tí wọ́n bu omi là. Ó bu omi, ó kán oògùn, ìgò náà sì pọ́n dáadáa. Ó pe ọkọ rẹ̀. Gàfárù wò ó, ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ òfò fún. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀nà gbà.

"Ta ni ká wá gbà gbọ́ báyìí?" ó ní. "Bébà ní rárá, ìgò ní bẹ́ẹ̀ ni. Omi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀, ṣé ìyẹn lo fẹ́ wọ̀, Ìyá Faridah?"

Nígbà tí Faridah gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ wá. Faridah ni ọmọ wọn, Toronto ni wọ́n bí i sí, ní báńkì kan ní North York ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí i, Òyìnbó ni yóò fi dáhùn, kò sì sí ohun tí kò yé e nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà kéré bíi fóònù, wọ́n ń bu omi sínú rẹ̀, wọ́n ń ju oògùn sí i, nọ́ńbà á sì jáde lójú rẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde bá ti ìgò mu.

"It's perfect, Daddy," Faridah wí. "And those strips expired years ago."

"Wàrà ló ń expire. Bébà lèyí."

"It's two against one."

"Ṣé ìbò la fẹ́ dì ni?"

Shukurat ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ra ìgò máa ń bá àwọn oníbàárà yẹ omi wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí òun ṣáà bu díẹ̀ sínú ike, kí òun gbé e lọ bá wọn. Gàfárù dìde dúró tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

"Omi ilé mi! Kí o gbé e jáde lọ bá àwọn ará ìta? Tí wọ́n bá rí nǹkan nínú ẹ̀ ńkọ́? Kí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn máa wo àṣírí wa nínú machine? Abeg, abeg. Mo máa pe àwọn àgbà."

"Àwọn àgbà wo?" Shukurat bi í. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ṣáà fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́ ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ni. Alhaji Múrítàlá tó ń gbé ní Burlington ni alága, Zakariyya tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni akọ̀wé. Àwọn ọkùnrin yìí ti parí ìjà tọkọtaya, wọ́n ti bá àwọn ènìyàn pín ilẹ̀ tó wà nílé láti orí ìjókòó nílẹ̀ yìí, wọ́n ti fi odidi ìpàdé kan jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gba gbohùngbohùn níbi ìsọmọlórúkọ. Wọn kò tíì dá ẹjọ́ omi rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n dá.

Kí gbogbo wọn tó rí àyè, ìdajì ìgbà ooru ti lọ. Ẹni tó bá ń gbé Toronto mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ni Shukurat ń di irin àtẹ̀gùn mú sọ̀kalẹ̀, tí yóò wo omi búlúù náà láti inú kíṣìnì, tí yóò sì lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, wà nínú àpótí tó pa á mọ́ sí. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí, nítorí kò sí ẹni tó sọ pé kó má wọ omi. Wọ́n ṣáà ń yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ọ̀sán Sunday ni àwọn àgbà dé. Shukurat ti ṣe mọ́ínmọ́ín, ó ti din ẹja, ó ti to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù. Alhaji Múrítàlá wọ káfútáànì búlúù dúdú tuntun, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi báàgì ọjà, ilé ni wọ́n ti rán an wá fún un. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n tún kí ara wọn, Gàfárù mú wọn dúró létí omi títí wọ́n fi ní "Háà!" Nígbà tó kan àdúrà, Alhaji ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń kùn nínú ṣẹ́ẹ̀dì, kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí àwọn ń bẹ Ọlọ́run fún. Pọ́ǹpù tó ń da omi púùlù pọ̀ ni. Gàfárù lọ pa á. Kò sí ẹni tó tún rántí rẹ̀.

Orí àpótí kékeré kan ni wọ́n to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí: ike bébà, ìgò kíkán, ẹ̀rọ Faridah. Gàfárù rojọ́ ti bébà. Shukurat rojọ́ ti ìgò. Faridah rojọ́ ti ẹ̀rọ ní gbólóhùn kan, ó sì jókòó. Alhaji fetí sí gbogbo rẹ̀, ó ń fi ìka gbá orúnkún, ó sì di ojú bí ẹni tí ọgbọ́n ń bọ̀ wá bá.

"Mo ní ìbéèrè kan péré," ó ní. "Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ta ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Bébà ni, sir," Gàfárù dáhùn. "Ó tiẹ̀ ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì kí àwa gan-an tó kó dé."

"Ẹ ò wá rí nǹkan!" Alhaji lajú. "Bébà ni ìyálé. Ìgò ló tẹ̀ lé e. Èyí tí ọmọ gbé wá yìí, ìyàwó àná ni. Níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ìyàwó àná máa já ìyálé nírọ́ lójú àlejò? Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ohun tí bébà bá sọ labẹ́ gé."

Zakariyya wúkọ́. "Point of information, sir. Scientifically speaking..."

Alhaji wò ó.

"I concede," Zakariyya wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpàdé fẹnu kò.

"Ẹ forí jìn mí o, Alhaji," Shukurat wí. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì gún un bí abẹ́rẹ́. "Ìyálé tí ẹ ń sọ yìí, ó ti kú tipẹ́. Ọjọ́ ikú ẹ̀ wà lára ike."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Ó ní Ìyá Faridah mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ kú, ipò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Faridah wo ojú ọ̀run, ó ní "Unbelievable," ó sì lọ bu mọ́ínmọ́ín.

Bí bébà ti wí pé kò sí kilorín nínú omi, kilorín ni kí wọ́n dà sí i. Ó kún inú ṣẹ́ẹ̀dì nínú àwọn ike ńlá, nítorí Gàfárù kì í ra nǹkan púùlù ní kékeré. Alhaji da ti àkọ́kọ́, ó fi ṣàdúrà pé kí ilé náà tù wọ́n lára. Zakariyya da tirẹ̀, ó ṣàdúrà fún ìṣọ̀kan ẹgbẹ́. Gàfárù da tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ àdúrà tó ṣe. Ojúkan náà ni gbogbo wọn ń dà á sí, létí ibi tí wọ́n jókòó sí, nítorí oúnjẹ wà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n rì bébà bọ omi. Kò yí padà. Wọ́n tún da kilorín. Wọ́n tún rì í. Bébà kò mira.

"Olórí kunkun ni omi yìí," Alhaji wí. "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyàwó náà sọ tiwọn, kí wọ́n má baà ní a rẹ́ wọn jẹ."

Shukurat bu omi sínú ìgò níwájú wọn, ó kán oògùn sí i. Omi náà pọ́n fòò bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú, kí Zakariyya tó wá awò ojú rẹ̀ rí, ó ti mọ́ kedere bí omi òjò.

"Zero!" Gàfárù pariwo.

"Ó pọ́n," Shukurat wí. "Mo rí i. Ó pọ́n, ó sì lọ."

"Èyí tó lọ ti lọ. Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?" Alhaji bèèrè.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fi omi sínú ẹ̀rọ, òdo ni ẹ̀rọ náà gbé jáde. Alhaji dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n wo ohun tí sùúrù àgbà lè ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ooru ni àwọn mẹ́ta yìí ti ń ṣe ìjà orogún, kò ju wákàtí kan tí àwọn dé, wọ́n ti ń sọ ohùn kan ṣoṣo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Zakariyya kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣọ̀kan ti wà láàárín gbogbo ohun èlò. Kí ọ̀rọ̀ náà lè múlẹ̀, Alhaji tẹ̀ ba létí omi, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó wá jókòó ti àwo mọ́ínmọ́ín rẹ̀ kejì.

Faridah ló kọ́kọ́ rí i. "Uncle," ó ní, "your sleeve."

Ọwọ́ káfútáànì tó jẹ́ búlúù dúdú ti di pupa rúsúrúsú láti etí rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì tún ń ṣí lọ lójú gbogbo wọn. Alhaji wò ó. Ó gbé e sí imú. Kò sí ẹni tó ti fọ aṣọ funfun rí ní Nàìjíríà tí kò mọ òórùn yẹn.

"Bíléèṣì!" ó ké. "Gàfárù, bíléèṣì lẹ fi ń kún inú omi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká dà á, sir."

"Èmi kẹ̀? Zakariyya, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Ka minutes!"

Zakariyya wo ìwé rẹ̀, ó wo ọwọ́ aṣọ alága, ó wo ìwé rẹ̀. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ wá kí ẹbí Gàfárù, wọ́n sì jẹun. Ó fa ìlà kọjá lórí ìyókù bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn: ọmọ ìyá ni bíléèṣì àti kilorín. Nítorí pọ́ǹpù kò da omi pọ̀, kilorín ti pọ̀ létí ibẹ̀ débi pé ó ń jẹ àwọ̀ tó yẹ kó fi í hàn, gẹ́gẹ́ bó ti jẹ àwọ̀ aṣọ Alhaji. Ní ti bébà, òkú ni, kò lè rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà kò dúró gbọ́ èyí. Wọ́n gba ẹja tí wọ́n wé sínú fóìlì, wọ́n dágbére, ọkọ̀ Alhaji sì ti yọ sójú títì kí ẹnikẹ́ni tó bi í ẹni tí yóò tún omi ṣe.

"Nobody goes in there till it comes down," Faridah wí. "Mummy, I mean it." Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sílé tirẹ̀.

Shukurat jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń kó àwo, ọkùnrin tí kì í kó àwo, ó sì ń súfèé. Ojú rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tí kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Omi ti bàjẹ́, ilé ọlá rẹ̀ ti di ẹ̀sín dé Burlington, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà náà ni nǹkan kan yé Shukurat.

"Bàbá Faridah, ẹ gbé àwo yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni omi yìí máa sọ tí ẹ fi máa ní kí n wọ̀ ọ́? Ẹ sọ nọ́ńbà ẹ̀ fún mi. Kí bébà, kí ìgò, kí ẹ̀rọ, kí gbogbo wọn ṣe kí ni?"

Gàfárù tún àwo náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Kò sí, àbí?" Shukurat wí. "Kò sí nọ́ńbà náà."

Ohùn tí Gàfárù fi dáhùn kì í ṣe èyí tó máa ń fi mú àlejò wá wo omi.

"Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́," ó ní.

"Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́?"

"Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wọn rò pé inú ọ̀sà ni wọ́n bí wa sí. Màámi ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọ̀sà rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ nípàdé, bí mo ṣe máa ń lúwẹ̀ẹ́ lọ pàdé àwọn apẹja, irọ́ ni. Tí o bá rì sínú pool yẹn lójú mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo máa dúró bí òpó iná ni. Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n ò bẹ́ sí i. Kí ni mo máa sọ fún wọn?"

Àánú rẹ̀ ṣe Shukurat. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ ọ́ lára, àánú sì di ìbínú.

"Ẹ rò ó nínú ọkàn yín pé mo rì," ó ní, "ẹ wá ń ro ohun tí Múrítàlá máa bi yín."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ sọ ọ́."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gòkè lọ, ó fi ọkọ rẹ̀ àti àwo sílẹ̀.

Shukurat kò tún dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ mọ́. Ó tan pọ́ǹpù padà, ó sì jẹ́ kí oòrùn máa jẹ kilorín náà díẹ̀díẹ̀. Gàfárù kò bá ẹnikẹ́ni ṣe fídíò ní ẹ̀yìnkùlé. Ewé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi ní òdìkejì ọgbà, àwọn aládùúgbò sì ti ń fi ọ̀rá bo púùlù tiwọn de ìgbà òtútù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò níṣẹ́, Shukurat ki ọwọ́ bọ omi, ó bu ú kún ike kan, ó dé e, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Gàfárù wà ní pálọ̀. Ó rí ike náà. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ pariwo, ó tún un rò, ó wá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Òtútù wà níta," ó ní. "Jẹ́ kí n fi ọkọ̀ gbé ẹ débẹ̀."

Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹ omi náà wò. Kò rí àṣírí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ní omi náà dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣe kíá, ó ti ń tutù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Shukurat wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ sínú omi ní ẹ̀gbẹ́ tí kò jìn, òtútù gbé e mì débi pé ó kígbe, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Gàfárù dúró létí ibẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́.

"Ẹ má dúró síbẹ̀ máa wò mí bí òkú," ó ní. "Ẹ wá jókòó síbí, lórí àtẹ̀gùn. Kò jìn."

Shukurat rò pé yóò kọ̀. Ọkùnrin náà gbé táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ká sòkòtò sókè, bí ẹni pé sòkòtò kíká lè ràn án lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó ki èkejì, ó jókòó. Omi dé ìbàdí rẹ̀. Shukurat ti ògiri, ó sì lọ. Ó ki orí bọ omi, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe ohun tí ti òsì ń ṣe.

"Shukurat!"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Faridah, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé orí sókè ní òdìkejì.

"Mo wà níbí."

Ó lúwẹ̀ẹ́ padà wá bá a. Ọkùnrin náà ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin.

"Òtútù ni?" ó bi í.

"Ẹ̀rù ni," Gàfárù wí.

Shukurat gbé ìgbọ̀nwọ́ lé àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sọ ọ́.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ooru lẹ ti ń bi omi yìí ní ìbéèrè," ó ní. "Ẹ fi bébà bi í, ẹ kó àwọn àgbà wá bi í, ẹ fẹ́ mọ bí gbogbo ara ẹ̀ ṣe rí. Èmi tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

Ọkọ̀ òfuurufú kan ń balẹ̀ lọ sí pápákọ̀ Pearson, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Gàfárù dúró dìgbà tó lọ tán.

"Báwo ni orúnkún ẹ?" ó bi í.

"Ó ń dùn mí, Bàbá Faridah," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí gan-an."